Ínsúlìn Inú Ògì

Bí wọ́n bá ní kí n dárúkọ akíkanjú kan l'Ágbóyì, Ajarat tó ń yan ẹja ni mo máa dárúkọ, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú máa bínú.

Lọ́dún 1974, dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe Karimot, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láràárọ̀, Ajarat á se sìríǹjì nínú omi gbígbóná, á fa oògùn ínsúlìn tó fi pamọ́ sínú ìkòkò omi tútù, á sì gún ọmọ nítan. Karimot á ké tantan.

Igbe yẹn ni Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, kò lè fara dà. Nígbà tí Ajarat lọ ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́ fún ọjọ́ méjì, ó ní kí Màmá máa mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́mísì ní Kétu kó lè máa gún un. Àánú ọmọ ṣe Màmá. Agbo tí àwọn mu dàgbà, ṣé abẹ́rẹ́ ni? Màmá bá da ínsúlìn sínú ògì, ọmọ mu ún, inú àwọn méjèèjì dùn.

Nígbà tí Ajarat dé, Karimot ti ń bì, ó ń mí gúlegúle, kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ọkọ̀ ojú omi ló fi gbé e dé ọsibítù. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà.

Nọ́ọ̀sì Olúrántí bá pe Màmá jókòó.

"Màmá, ara wa ló máa ń ṣe ínsúlìn fúnra ẹ̀, kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Ti Karimot ò ṣe é mọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní pọlipẹ́pítáìdì ni ínsúlìn, bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n sín sókùn. Irú nǹkan tó wà nínú ẹja náà ni. Tẹ́ ẹ bá gbé e mì, ikùn á já okùn ẹ̀, á dà á bí ẹja. Kò ní dé inú ẹ̀jẹ̀."

Màmá bú sẹ́kún.

Tó bá jẹ́ èmi aládùúgbò wọn ni, gbogbo Agbóyì ni ì bá gbọ́ ẹnu mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n padà délé, Ajarat ní tirẹ̀ se sìríǹjì, ó fa oògùn, ó sì nà án sí ìyá ọkọ rẹ̀.

"Èmi kẹ̀? Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Ta ni mo tún fẹ́ fi ọmọ tì?"

Màmá gba sìríǹjì, wọ́n gún Karimot nítan.

"Ṣé ó dùn ẹ́?"

"Rárá, Màmá."

Irọ́ ni. Mo rí bó ṣe di etí ẹní mú.