Àmín Tí Ìyá Mi Ṣe

Láti ọjọ́ tí ìjọba ti kéde pé àwọn lè kó ọmọ ogun lọ sí orílẹ̀-èdè tó bá wa pààlà lókè ọ̀hún, nítorí pé àwọn sójà gbàjọba níbẹ̀, ara mi kò lélẹ̀ mọ́. Àbúrò mi, àbígbẹ̀yìn ìyá wa, ń ṣe sójà ní bárékè kan nítòsí ẹnubodè náà. Bí fóònù bá dún, màá sáré gbé e. Bí kò bá dún, màá tún gbé e wò, bóyá bátìrì ti kú.

Ní Ìjù-Odò ìlú wa, n kò rí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ ìjọba gbọ́. Nídìí agbada gàrí, ohun kan náà la ń sọ: ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku. Kòtò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọ̀kadà mì lójú títì wa, wọ́n wá ráyè lọ tún ìlú onílùú ṣe! Wọ́n ní nítorí àwọn ará ibẹ̀ ni. Ta ló rán wọn?

A gbọ́ pé ọ̀gá kan láti káńsù ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Ìsinmi, pé a ó gbàdúrà ìṣẹ́gun. Àwa Aládùúrà, àmín wa a máa mi páànù òrùlé, ẹni tó bá sì ṣe é ti fọwọ́ sí àdúrà náà nìyẹn. Ni mo bá ń ti ilé dé ilé, mò ń bẹ àwọn ará ìjọ pé kí wọ́n má ṣe é.

Ọ̀gá náà bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bíi tiwa, ó ka ọ̀rọ̀ ìjọba tó wà nínú ìwé rẹ̀ tán. Wòlíì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú àwọn ọmọ ogun wa borí. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Inú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni ohùn kan dún níwájú: "Àmín!"

Ìyá mi ni.

Inú bí mi gan-an. A kò tíì rìn jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ọ̀rọ̀ fi bọ́ jáde lẹ́nu mi.

"Ìyá mi, ẹ̀yin náà lẹ bú wọn lánàá! Ẹ ti wá gbà wọ́n gbọ́?"

"Irọ́ ni wọ́n ń pa."

"Kí lẹ wá ṣe àmín sí?"

"Bí wọ́n bá fi irọ́ kó àwọn ọmọ ogun lọ, ọmọ mi á wà lára wọn. Ṣé kí n dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kó mú un borí?"

Gbogbo ilé tí mo wọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀, n kò gbàdúrà fún àbúrò mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.