Olú Tí Àbúrò Mi Rí

Ní ọdún tí àwọn gáàdì kọ̀màndáà, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso wa, ń fi tipátipá kó àwọn ọkùnrin Pobè lọ síbi iṣẹ́ ojú irin, bàbá mi kò sùn nílé mọ́. Inú igbó tó wà lọ́nà Igana ló sá sí. Láràárọ̀, ìyá mi á kó ẹ̀kọ sísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, á fi ewé bò ó, á sì mú èmi àti àbúrò mi obìnrin dání. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, olú la fẹ́ lọ wá.

Kí n má purọ́, mi ò gbádùn ayé tó bẹ́ẹ̀ rí. Nílé, bàbá mi kì í ráyè tiwa. Nínú igbó, ó ń fi ipasẹ̀ ìgalà hàn wá, ó ń kọ́ wa ní ewé tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ó ní kí a máa fetí sí ẹyẹ: "Bí wọ́n bá dákẹ́ lójijì, ẹ lúgọ." Ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà tí a gbà wá ló máa ń wò ṣáá, inú a sì máa bí mi sí i, nítorí mo rò pé ó kàn fẹ́ ba ìgbádùn wa jẹ́ ni.

Ní ìdílé wa, ẹni tó bá rí olú kò gbọ́dọ̀ dá a tu. Ó ní láti ké pe gbogbo ilé, torí àwọn àgbà wa gbà pé olú tí a bá dá jẹ kì í hù níbẹ̀ mọ́. Bàbá mi ti ní kí a máa pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́ dípò igbe. Èmi gbọ́. Ṣùgbọ́n eyín iwájú àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ni nígbà náà.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn òjò, bàbá mi rí ipa bàtà lórí amọ̀. Ará oko wo ló ń wọ bàtà lọ sóko? Kò jẹun, ó yọ́ wọ inú igbó padà, ìyá mi sì ní ká kọrí sílé kíá. Ibi tí a ti ń lọ ni àbúrò mi ti rí olú funfun lẹ́bàá ọ̀gán, tó tóbi bí àwo.

"Bàbá o! Ẹ wá wò ó! Mo ti rí olú o!"

Àwọn ẹyẹ dákẹ́.

Gáàdì méjì onífìlà pupa já sí wa lẹ́yìn. Ọ̀kan fa ìyá mi láṣọ, ó fi èdè Ègùn bi í pé bàbá wo ni ọmọ ń pè. Ìyá mi ní bàbá rẹ̀ ti kú. Gáàdì náà gbé pàṣán sókè.

"Ẹ fi í sílẹ̀."

Bàbá mi ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Wọ́n dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn. Kò bá àbúrò mi wí rárá, ó kàn ní kó rọra tu olú náà kó má baà fọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tì í síwájú.

Àbúrò mi gbé olú náà mọ́ àyà. "Ìyá, ṣé Bàbá á dé kó tó rà?"

Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí a délé, ó sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ, ó sì so ó kọ́ àjà. Nígbà tí mo fi lọ sílé ọkọ ní Sakété, olú náà ṣì wà níbẹ̀.