Ìbọn Àna Mi Tí A So Mọ́ Igi

Òórùn àdí ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bí o bá wọ yàrá àna mi ní Ejinrin, kí ojú rẹ tó ríran nínú òkùnkùn ibẹ̀, imú rẹ á ti gbọ́ ọ: àdí, ẹja yíyan, àti omi ọ̀sà tí atẹ́gùn ń gbé gba ojú fèrèsé wọlé. Àwọn ẹlòmíràn a máa fi àdí pa ọmọ ọwọ́ lára. Bàbá ìyàwó mi ń fi í pa ìbọn. Ní àràárọ̀ ọjọ́ ọjà, wọ́n á gbé e lé orí itan, wọ́n á fi àkísà kékeré kan nù ún láti ẹnu dé ìdí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú aláìsàn.

Kì í ṣe ṣakabùlà bíi ti àwọn ọdẹ yòókù. Ìbọn òyìnbó àtijọ́ ni, èyí tí ó ní irin kan lábẹ́ bí ọwọ́ ife. Bí o bá fa irin náà wálẹ̀ tí o sì dá a padà, ọta mìíràn á bọ́ sí ipò. Òyìnbó agégẹdú kan tí Bàbá ṣe amọ̀nà fún nínú igbó nígbà èwe wọn ló fi í ta wọ́n lọ́rẹ kí ó tó padà sí ìlú rẹ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn. Àléébù rẹ̀ kan ni pé irú ọta tí ó ń jẹ ti tán láyé. Mo kàwé lágbà, mo ti di géńdé kí n tó jókòó síwájú pátákó, ṣùgbọ́n èmi náà ni ọ̀mọ̀wé ilé yẹn. Èmi ni mo ka nọ́ńbà tí wọ́n fín sára irin náà fún Bàbá, èmi ni mo kọ ọ́ sínú bébà tí mo gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ọta ní Èkó. Gbogbo wọn ló mi orí. Ọdún mẹ́sàn-án ni ìbọn náà fi dákẹ́. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ wọn sọ ọ́ ní Ìyàwó-tí-kì-í-dáná. Bàbá á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo máa ń rí bí ọwọ́ wọn ṣe ń pẹ́ lórí àkísà náà.

Ọdún kẹta tàbí ìkẹrin tí a wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun ni túúkú wọ oko ẹ̀gẹ́ wọn. Ẹran burúkú ni túúkú, ẹlẹ́dẹ̀ igbó yẹn, ọ̀pọ̀ ebè ló lè hú nígbà kan ṣoṣo. Bàbá pè mí.

"Káfíńtà, o ní alágbẹ̀dẹ kan tó mọ iṣẹ́ ìbọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Ìgbògbò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Gbé e lọ. Kó yí i padà kó lè máa jẹ ọta tí wọ́n ń tà báyìí. Mi ò fẹ́ kú láì tún gbọ́ ohùn rẹ̀."

Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e dé Ìgbògbò pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀ lápò. Alágbẹ̀dẹ náà, ẹgbẹ́ mi, aláwàdà ènìyàn, yí i síwá sẹ́yìn. "Ọ̀gá káfíńtà, ìbọn yìí dàgbà ju bàbá mi lọ. Ṣé kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ni?" Ó ní òun yóò yọ ọ̀pá irin tí ọta ń gbà jáde, òun yóò fi èyí tí ó gba ọta tuntun síbẹ̀. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ó pè mí láti ṣọ́ọ̀bù, kò sì ṣàwàdà mọ́. Ó gbé irin náà sínú oòrùn, ó fi ẹnu ìṣó tọ́ka sí ibi tí ọta ń jókòó sí. Mo rí ìlà kan níbẹ̀, tín-ín-rín, bí irun orí tó já bọ́ sínú ọbẹ̀.

"Ọ̀pá tuntun ò ṣòro," ó ní. "Ara àtijọ́ yìí ni mi ò fọkàn tán. Ó ti là. Ọta ìsinsìnyí le ju ti ìgbà yẹn lọ. Bó bá máa fọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó gbé e dání ni yóò fọ́ sí. Mo lè fi iná dí i, ṣùgbọ́n mi ò lè búra fún un. Bá mi bi Bàbá: ṣé kí n ṣe é, àbí kí n fi í sílẹ̀?"

Mo lọ sí Ejinrin lọ́jọ́ Sátidé. Láti Ìkòròdú títí kọjá Itóìkín, mo ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí ẹni ń to pákó. Nígbà tí mo dé, Bàbá ti ra awọ tuntun tí wọn yóò fi gbé ìbọn kọ́ èjìká. Wọ́n ti sọ fún àwọn ọdẹ méjì, ọ̀rẹ́ wọn, kí wọ́n wá bá wọn gbọ́ ohùn ìyàwó. Kí n tó dìde nínú ìdọ̀bálẹ̀ ni wọ́n bi mí: "Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ku díẹ̀, Bàbá."

O mọ bí ó ṣe rí láàárín wa. Ẹni tí wọ́n fún níyàwó kì í gbé "kò ṣeé ṣe" lọ bá ẹni tó fún un. Wọ́n rán an níṣẹ́, ó jẹ́ ẹ. Bí mo ṣe tọ́ nìyẹn, mo sì gbà pé ẹ̀kọ́ ilé ni. Mo padà sí Ìgbògbò, mo ní kí alágbẹ̀dẹ máa ṣe é lọ.

"Wọ́n mọ̀ pé ó là?"

"Wọ́n mọ̀."

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mi kì í sọ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò sọ irú rẹ̀ rí.

Nígbà tí ó ń gbé e lé mi lọ́wọ́, alágbẹ̀dẹ fún mi ní òfin kan tí òun jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀: ìbọn tí a tún ṣe, igi ló ń kọ́kọ́ yìn ín, kì í ṣe ènìyàn. Kí a so ó mọ́ igi, kí a fi okùn fà á láti ẹ̀yìn òkìtì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ó bá ku ẹyọ kan, kò tíì pé. Mo di òfin náà mú bí ẹni tó ń rì sínú ọ̀sà ṣe ń di àjẹ̀ ọkọ̀ mú. Mo ní òun ni yóò bo irọ́ mi.

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ dán an wò, èmi àti ìyàwó mi lọ. Ó gbé oúnjẹ dání, inú rẹ̀ dùn pé inú bàbá òun dùn. Àwa, Bàbá àti àwọn ọdẹ méjì náà dé etí oko, lábẹ́ igi àfọ̀n kan. Mo yọ okùn, mo ṣàlàyé òfin alágbẹ̀dẹ.

Bàbá wo okùn náà. "Ìbọn tí mo gbé léjìká láti kékeré, o fẹ́ so ó mọ́ igi bí ewúrẹ́ ọdún?"

Àwọn ọdẹ méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Bó bá ti jẹ́ ìyàwó, ta ní í fi okùn so ìyàwó?"

Bàbá fa irin abẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n dá a padà. Ká, ká. Wọ́n gbé ìdí rẹ̀ lé èjìká, wọ́n sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ni mo rí. Irun funfun wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀, wọn kò fá a dáadáa ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ewé gbígbẹ. "Bàbá, ó ti là, ìlà tín-ín-rín bí irun orí. Alágbẹ̀dẹ rí i kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní kí n bi yín. Mi ò bi yín. Mo purọ́ fún un pé ẹ mọ̀."

Bàbá sọ ìbọn kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wò mí títí. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "So ó."

Mo so ó. Gbogbo wa lọ sẹ́yìn òkìtì, Bàbá fúnra wọn ló fa okùn. Ó dún, igbó gbà á, kò sí ohun tó ṣe é. Àwọn ọdẹ pàtẹ́wọ́. A tún yìn ín. Ó dún, ó dára. Bàbá ti dìde, wọ́n ti ń tú okùn.

"Ṣé o rí i, Káfíńtà? Irun orí lásán ni alágbẹ̀dẹ rẹ rí."

Ìyàwó mi ló di okùn náà mú. "Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ."

"Ọta ń parun."

"Ẹ jẹ́ ó parun."

Bàbá gbọ́ ti ọmọ wọn ju bí wọ́n ṣe lè gbọ́ tèmi lọ. A yìn ín lẹ́ẹ̀kẹta. Ìró tí ó dún lọ́tẹ̀ yìí yàtọ̀, ó gbẹ, bí ìgbà tí pákó ńlá bá ṣẹ́. Nígbà tí èéfín ká kúrò, ọ̀pá tuntun náà wà nínú koríko, ìdí ìbọn ti là sí méjì, irin kan tó tó ìka ọwọ́ sì ti wọ inú igi àfọ̀n náà lọ. Bàbá dúró ti igi náà. Wọ́n wọn ibi tí irin náà wọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ló bá dọ́gba.

Wọn kò bú mi. Wọ́n ṣa irin abẹ́ ìbọn náà, èyí tó dà bí ọwọ́ ife, wọ́n fi àdí nù ún, wọ́n sì fi í fún mi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo kó pákó wá, mo sì fi ọgbà yí oko náà ká. Túúkú kò wọ ibẹ̀ mọ́. Bàbá lo ọdún mẹ́jọ sí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pé.

Ìyàwó mi ni kò bá mi sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí ìbọn fọ́ náà, láti Ejinrin títí a fi dé Ìkòròdú. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́. Bàbá mi ni." Mo ti rò pé ìdákẹ́ mi jẹ́ ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ọ̀wọ̀ náà ṣe ààbò, kí n má bàa rí ojú Bàbá nígbà tí wọ́n bá rẹ̀wẹ̀sì.

Mo kan irin tí Bàbá fún mi mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, òun ni mo ń dì mú bí mo bá ń ṣí i. Ó ti dán.

Ọdún márùn-ún rèé tí ìyàwó mi ti fi ayé sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó sì sọ àìsàn burúkú tó wà nínú ìyàwó mi, àwọn ẹbí ní kí n fi pamọ́ fún un, kí ọkàn rẹ̀ má bàa já. Mi ò gbà. Mo sọ fún un kí a tó dé ilé, lórí bẹ́ǹṣì kan ní Èbúté Ìkòròdú, níbi tí a ti ń wo ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń já iyanrìn rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ ò jẹ́ kí n gbé e léjìká láìmọ̀."