Ọjọ́ Tí Ìjọba Wá Kà Wá

"Ẹ má húkọ́ o," ni Ìyá àgbà sọ, ó sì fi ẹní bo ẹnu ọ̀nà ahéré tó ti ń yan ẹja. Àwa ọmọ mẹ́sàn-án há mọ́ra nínú èéfín. Ojú ń ta wá, òórùn ẹja ń wọ aṣọ wa. Mo gbé àbúrò mi obìnrin lé itan, mo sì fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Kò tíì pé ọdún kan tí a gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé. Abúlé wa, létí adágún omi kan lọ́nà odò Okpara, ń fẹ̀ sí i: àwọn apẹja ń kó ẹbí wọn dé, ilé tuntun ń sún mọ́ omi. Ìjọba fẹ́ gbẹ́ kànga onísìmẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n abúlé tí èrò rẹ̀ bá pọ̀ jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ fún. Wọ́n rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìlú Ṣábẹ wá kà wá.

"Ìyá, ọmọ mélòó ló wà nílé yìí?"

"Méjì."

"Méjì? Abọ́ mẹ́wàá ni mo rí tí ẹ sá sóòrùn."

"Èmi ni mo ń fi ìyókù jẹun."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi húkọ́.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Ewúrẹ́ ni. Òtútù ló mú un."

Ó kọ méjì sínú ìwé rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, kò sí ìyá tó ń sọ iye ọmọ rẹ̀ sókè. Ti Ìyá àgbà tún le jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì kéré, àwọn Faransé wá ka àwọn ará ilé rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, éèyi pa méjì nínú ọmọ rẹ̀.

Abúlé mìíràn ló gba kànga. Àwa ń bu omi adágún mu. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, sòbìyà yọ lọ́rùn ẹsẹ̀ àbúrò mi. Láràárọ̀, Ìyá àgbà ń fi igi tín-ín-rín ká aràn náà díẹ̀díẹ̀ kó má baà já, àbúrò mi á sì máa di ọwọ́ mi mú pinpin. Kò lè rìn fún oṣù méjì.

Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá tún ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò, Ìyá àgbà kó gbogbo wa jáde síwájú ilé.

"Èmi ò ní kà wọ́n. Màá pe orúkọ wọn, ìwọ máa fa ìlà rẹ."

"Ó dáa, Ìyá. Ewúrẹ́ yẹn ńkọ́?"

Ìyá àgbà nawọ́ sí àbúrò mi. "Òun ni kí o kọ́kọ́ kọ."

Bó ṣe ń pe orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà. Odidi oṣù kan lẹ́yìn náà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo iwájú orí wa kí a tó jẹun àárọ̀. Ara ẹnikẹ́ni kò gbóná. Wọ́n gbẹ́ kànga wa lọ́dún kejì.

Èmi náà ti di òbí. Mo mọ ohun tó ń fa éèyi, mo sì ti mú àwọn ọmọ mi lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Síbẹ̀, tí mo bá ń kọ fọ́ọ̀mù nílé ìwé tàbí nílé ìwòsàn, tí mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè iye ọmọ, mo máa ń gbé bírò kúrò lórí ìwé. Mo máa ń pe orúkọ wọn sínú, lẹ́yìn náà màá kọ iye wọn pé pérépéré, láìyọ ẹnì kan sílẹ̀.