Ìka Ìyá Ọkọ Mi

Bí mo bá ti rí agolo mílíìkì òfìfo, ìka ìyá ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Wọn kì í bomi rin igi furúùtù tí wọ́n fi kóró gbìn sínú agolo láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Tó bá ṣì tutù, wọ́n á ní, "Òùngbẹ ò tíì gbẹ ẹ́."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó ilé wọn ní Nasarawa Gwong níhà àríwá ni wọ́n lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí, ni mo bá ń bomi rin àwọn igi furúùtù náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kí wọ́n tó dé, gbogbo rẹ̀ ti rọ. Wọ́n fa ọ̀kan tu, wọ́n gbóòórùn gbòǹgbò rẹ̀ tó ti jẹrà. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Sánnu, pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó. Omi ló pọ̀ jù."

Wọ́n fi ìṣó lu ihò sí ìdí agolo mìíràn, wọ́n da yanrìn sí i, wọ́n sì di ìka mi mú, wọ́n tì í bọ iyẹ̀pẹ̀, wọ́n kọ́ mi.

Lọ́dún kejì, mi ò tíì lóyún. Ọ̀rẹ́ wọn kan gbé àgbo wá, òmíràn tún gbé tirẹ̀ dé, pé kí n mu ún lójú àwọn. Ìyá gba ife lọ́wọ́ mi.

"Haba! Ẹ fi ọmọ mi lọ́rùn sílẹ̀. Òùngbẹ ò gbẹ ẹ́."