Ẹsẹ̀ Tí Dotse Bèèrè

Ní Agbozume níbí, ní ilẹ̀ Ghana, ẹsẹ̀ ni ahunṣọ fi ń jẹun. Ọwọ́ ń ju ọkọ̀ òwú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ń di okùn ìtẹsẹ̀ mú, tí wọ́n ń fà á nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n fà bíi Dotse, kó tó di pé àrùn rọpárọsẹ̀ dá a wó lápá òsì.

Nígbà tó ti ilé ìwòsàn dé, ohun kan ṣoṣo ló ní kí n bá òun fi sádùúrà: kí òun padà sídìí òfì òun. Díákónì rẹ̀ ni mo jẹ́. Mo gbà.

Ilé ìwòsàn rán Kafui sí i, ọmọbìnrin tó kọ́ iṣẹ́ à ń na iṣan. Ìdí òfì gan-an ló ní ká gbé Dotse sí. Ó ki okùn ìtẹsẹ̀ sáàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀.

"Ẹ fà á, Bàbá."

"Kò gbọ́ tèmi mọ́."

"Ẹ bá a wí, ṣebí ẹsẹ̀ yín ni. Ẹ fà á!"

Dotse làágùn, ó ń gbin, omi bọ́ lójú rẹ̀. Okùn náà mì. Mo rí i.

Àfi bí Dzatugbui, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ṣe já wọlé tòun ti ọmọrogùn tó fi ń ro òkèlè akple.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìyà tó ń jẹ àbúrò mi ò tó ni? Àgbà tó ń ṣàìsàn lo wá ń mú ṣiṣẹ́, kí ará àdúgbò lè sọ pé kò lẹ́nìkan?"

"Ìyá, bí wọn ò bá lo ẹsẹ̀ náà, yóò gan."

"Ẹnu ẹ ni yóò gan! Gba ilé ìyá ẹ lọ."

Lọ́dọ̀ wa, ìtìjú ìdílé ni kí àgbà tó ń ṣàìsàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan. Dzatugbui ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, ó ń pọ̀n ọ́n jáde sábẹ́ igi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí Kafui padà wá.

"Díákónì, àbí Ọlọ́run ò tó lójú yín ni?"

A gbàdúrà. A gbààwẹ̀.

Oṣù mélòó kan ti kọjá, ọyẹ́ ti dé, kí Kafui tó rọ́nà wọlé. Ó fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ náà, ó le gbagidi bí igi òfì.

"Bí a bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, wọ́n á ṣì fi ọ̀pá rìn. Ṣùgbọ́n àwọn ìka yìí ò ní di okùn mú mọ́."

Dzatugbui kàn ń nu ẹnu àbúrò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu náà ò dọ̀tí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Dotse tòun tàga wá síwájú ìjọ láti dúpẹ́. Mo ní, "Ọlọ́run gbọ́ àdúrà wa!" Ó fi ọwọ́ ọ̀tún fa aṣọ mi.

"Díákónì, ẹsẹ̀ ni mo bèèrè."

"Ó dá ẹ̀mí rẹ sí, Dotse."

"Okùn yẹn mì. Ẹ rí i. Ẹ sọ fún wọn pé mo fà á."

Ìjọ ti gbé orin ọpẹ́. Mo bá wọn gbè é.