Agolo Wúrà Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Warri, mo gbà pé adé ọba dára, ọ̀pá bíṣọ́ọ̀bù náà kò burú. Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ló tó agolo ọ́ìlì aláwọ̀ wúrà tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ bàbá mi, tí gíláàsì ẹ̀yìn ń fi í han gbogbo Jakpa Road? Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí irú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá mi ra ọ́ìlì olówó ńlá yẹn. Láti ìgbà náà, ọ́ìlì inú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń bù sí kẹ́ẹ̀gì ni ọkọ̀ wa ń mu.

Ó ń mu ún bí ọ̀mùtí, nítorí ó ń jò. Ìyẹn ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ. Láràárọ̀, kí n tó fojú kan ògì àti àkàrà, mo ní láti da iyanrìn bo àbààwọ́n dúdú abẹ́ ọkọ̀ kí aládùúgbò tó rí i. Bí mo bá gbàgbé, ẹgba ni. Ìyá mi a máa ní, "Iyanrìn kì í wo egbò sàn."

Lọ́jọ́ tí ìjà ẹ̀yà tún bẹ́ ní Warri, tí èéfín gba ojú ọ̀run lápá Ugbuwangue, a rọ́ sínú ọkọ̀, ó di Ìjẹ̀bú, ilé bàbá mi. A kò tíì jáde ní Effurun tí ẹ́ńjìnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń gúnyán. Ọ́ìlì ti jò tán! Kẹ́ẹ̀gì wà ní búùtù, ṣùgbọ́n èrò tó ń sá lọ kún títì, àwọn oníbàárà bàbá mi sì wà nínú wọn. Ni bàbá mi bá gbé agolo wúrà wọ inú búùtù níbi tí wọn kò ti ní rí i, ó ń rọra da ọ́ìlì kẹ́ẹ̀gì sínú rẹ̀, kó lè ti inú agolo dà á sí ẹ́ńjìnì.

"Bàbá Tóyìn, ìbọn ló ń dún yìí o!" ìyá mi ké.

"Mo gbọ́. Má jẹ́ kí ọwọ́ mi gbọ̀n."

Ọkùnrin kan tó ru fóòmù ibùsùn rẹ̀ ń sáré kọjá. Ó ní, "Oga, bullet no sabi brand o!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, títí kan ìyá mi tó ń sunkún. Bàbá mi dà á tán, ó nu agolo, ó dá a padà sípò, ó tó wakọ̀ lọ.

Nígbà yẹn, iyanrìn pọ̀ lágbàlá. Lónìí, sìmẹ́ńtì ló kù, àwọn ọmọ sì ń wo fóònù mọ ọ́ìlì tó bá ẹ́ńjìnì mu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi bi mí pé kí ni agolo wúrà ń ṣe lẹ́yìn ọkọ̀ mi. Mo ní kó lọ kàwé rẹ̀.

Òfìfo ni agolo bàbá mi yẹn. Èmi náà ń gbé e káàkiri.